Ọkọ̀ Tó Gbé Èémí Dání

Ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni mo ra Lanrofà yìí
lọ́wọ́ opó kan ní Òkè-Àgbò.
Ó ní ẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.
Mo gbà á gbọ́, mo sanwó tán,
láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi páálí fẹ́ra.

Má bá opó wí.
Ẹ ṣáà mọ ọ̀nà oko tó gba Atíkòrí wọgbó,
amọ̀ pupa tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni.
Bí òjò bá ti rọ̀, a ó tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀
kó lè tẹ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ,
kó rin orí ẹrẹ̀ má rì.
Ìyẹn rọrùn. Afẹ́fẹ́ kì í kọ̀ láti jáde.
Ta ni yóò dá a padà bí a bá dé títì?

Pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò.
Ẹgbẹ̀ta ìtẹ̀ fún táyà kan; mo kà á.
Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó Odùkọ̀yà ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀,
mo ka igba, mo ṣìkà,
mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.
Ọmọ kò dúró de ìṣírò mi.
Àárín àpò gbágùúdá ni wọ́n bí i sí,
wọ́n sọ ọ́ ní Abíọ́nà.
Ó ti ń rákò báyìí. Bí ó bá rí mi, a bú sẹ́kún.

Ṣóyọmbọ̀ mẹkáníìkì yí púlì ẹ́ẹ̀sì náà wò,
ó yí wọ́ọ́rọ́.
"Kò kú," ó ní, "gáàsì ló tán nínú rẹ̀.
Ohun tí kò lè tù wá lára, yóò bọ́ táyà."
Ó gé irin, ó lu ihò mẹ́rin,
ìkẹrin kò bá ojú bóòtì mu.
Ó fi fáìlì ha á. Ó bú baba irin.
Ó ta okùn láti púlì dé púlì, ó di ojú òsì,
nítorí bí wọn kò bá dọ́gba
bẹ́líìtì yóò jẹ ara rẹ̀ tán ká tó dé Òjòwò.
Ó ní kí n sún un ní ìwọ̀n èékánná.
Èékánná ta ni?

Táńkì ló kù.
A lọ bá Bàbá Ọ̀nàfowókàn, fọganáísà ìkóríta,
tó fẹ́ táyà bàbá mi kí wọ́n tó bí mi.
Ojú ń tì mí. Mo ń sọ̀rọ̀ yípo.
Ó wo amọ̀ tó gbẹ mọ́ bàtà mi.
"Orúnkún mi yìí," ó ní, "kò lè wọ igbó tẹ̀ lé ọ."
Ó fa táńkì pupa kékeré jáde lẹ́yìn ìsọ̀,
ó pe ẹgbẹ̀rún méjìlélógún.
Mo ní kó dín in. Kò dín in.
Ìjẹ̀bú ni àwa méjèèjì.
"Fáfù yìí, má dí i láé.
Ohun tó bá ń gba èémí sínú
tí kò rí ibi tú u sí,
mo ti rí i tó bẹ́.
Ẹsẹ̀ ọmọṣẹ́ mi kan ló bá a lọ."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó tún owó kà.

Ọ̀sẹ̀ tó lọ, òjò kò tiẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.
A yọ sétí títì, mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa jó,
bẹ́líìtì ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́,
ọwọ́ géèjì sì dìde díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.
Táyà tó bá lu ṣì ń lọ bá Bàbá;
afẹ́fẹ́ ni mo ní, mi ò ní ọwọ́ rẹ̀.

Họ́ọ̀sì ń fẹ́ táyà fúnra rẹ̀,
mo fẹ̀yìn ti ọkọ̀, iṣẹ́ kò sí lọ́rùn mi.
Mo wolẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń tẹ ẹrẹ̀ ṣáá.
Mo ti ka ọ̀kànlélọ́gbọ̀n.